Bí wọ́n ṣe kó orin bo ọmọ onígìtá béèsì mọ́lẹ̀ ní Bódìjà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lápá Challenge nílùú Ìbàdàn wá bá àwọn àgbà tó fẹ́ràn orin jáàsì-fọ́ǹkì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́?" Ìdáhùn tí wọ́n fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nídìí orin náà pátápátá. Mo wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó já sí. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti ń fi ata àti iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà kiri ìgboro, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tò ó sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Pálọ̀ Bàbá Rédíò ní Bódìjà ló ti ṣẹlẹ̀. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rédíò tipẹ́tipẹ́. Àwọn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tó fi owó oṣù rà nígbà ọ̀dọ́ ṣì wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì, Màmá sì ti sọ lójú gbogbo ayé pé bí ikán bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n, òun ò ní lé ikán kankan. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n máa ń pàdé níbẹ̀. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tó ní alága tàbí aṣọ ẹbí. Ẹni tó bá ti lè jókòó gbọ́ orin oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìbéèrè pé "ìgbà wo ni wọ́n máa wá kọrin?" ti di ọmọ ilé. Bùrọ̀dá Onídùùrù, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní pianó ní Mọ́kọ́lá, kì í pa á jẹ. Ẹ̀gbọ́n Dùgbẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe máa ń wá tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí Olùkọ́ máa ń wá láti Òkè-Àdó. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ orin tí mò ń wí: Amẹ́ríkà ló ti jáde, àwọn ọdún 1970 ló sì gbilẹ̀. Ìlù àti béèsì rẹ̀ jẹ́ ti fọ́ǹkì, wọ́n á máa yí lójú kan náà bí ẹni ń gún iyán. Orí ìyẹn ni onífèrè àti onídùùrù á ti máa dá àrà tiwọn bí jáàsì ṣe kọ́ wọn. Gbogbo ará pálọ̀ yẹn ló gbà pé Head Hunters, àwo tí Herbie Hancock, onídùùrù ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, ni ìyá gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ náà ò tíì délẹ̀ lórí ìbéèrè rẹ̀ tí Bàbá fi já a gbà. Kò tilẹ̀ dárúkọ Head Hunters, ó ní ta ni kò mọ ìyẹn. Thrust ló pè, àwo tó tẹ̀lé e ní 1974, ó ní "Actual Proof" ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó lè mọ ohun tí Mike Clark ń fi ìlù ṣe. Bùrọ̀dá Onídùùrù ní rárá o, ọmọ tó ń ta béèsì, Jaco Pastorius ló yẹ kó lọ bá: Heavy Weather, tí ẹgbẹ́ Weather Report ṣe ní 1977, orin tó ṣáájú níbẹ̀, "Birdland". Ẹ̀gbọ́n Dùgbẹ̀ ní ṣé orin ìgbà tí wọn ò tíì bí bàbá ọmọ yìí nìkan ni wọ́n fẹ́ fún un ni. Snarky Puppy, ẹgbẹ́ olórin òde òní kan, ni kó gbọ́. Bàbá ní ọmọ àná ni Snarky Puppy. Ẹ̀gbọ́n ní ọmọ àná kọ́ ló ń di bàbá lọ́la ni? Ibẹ̀ ni ilé ti gbóná.

Ẹni kan dárúkọ The Crusaders àti "Street Life" ti 1979. Ẹlòmíì ní Donald Byrd, ẹlòmíì ní Grover Washington. Ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ ní gbogbo ìyẹn kò tó nǹkan, àwo tí Roy Ayers àti Fela jọ ṣe ní 1980 nìkan ni ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà gidi gbọ́dọ̀ gbọ́. Nígbà tí ọmọ náà fi máa délé, orúkọ tó wà lórí fóònù rẹ̀ ti lé ní ogún, wọ́n ṣì ń fi òmíràn ránṣẹ́ lóru. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé orúkọ kì í dá wá; àlàyé ìjà ló máa ń bá a rìn. "Má gbọ́ ti Bàbá o, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni." "Bùrọ̀dá ò mọ fọ́ǹkì, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀." Ọmọ tó fẹ́ gbọ́ orin ti di adájọ́ kóòtù.

Ó pa rọ́rọ́ fúngbà díẹ̀, kò wá, kò sì fọhùn. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, Àǹtí Olùkọ́ ló sọ ọ́ fún, bóyá nítorí pé òun nìkan ni kò tíì fi orin kankan ránṣẹ́ sí i. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Mo gbọ́ mẹ́fà nínú ẹ̀. Mi ò gbọ́ béèsì kankan. Àfi bí ẹni pé wọ́n kàn ń pariwo."

Ọ̀rọ̀ yìí dé pálọ̀, ó dun àwọn àgbà. Bàbá ní etí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti kú. Bùrọ̀dá ní, "Jaco! Ó ní òun ò gbọ́ béèsì lọ́wọ́ Jaco!" Ó tún un sọ títí tí Màmá fi ní kó jọ̀ọ́ kó mu omi. Èmi náà rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn le díẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí kò bá wọn bínú. Nígbà tí ọmọ náà tún wá, ó jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè, bó ṣe máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ tó gba òdo nínú ìdánwò tí òun mọ̀ pé kì í ṣe olódo.

"Kí lo fi gbọ́ ọ?"

"Fóònù mi, mà."

"Íápíìsì ńkọ́?"

"Apá kan ti kú. Mo kàn gbé fóònù sórí tábìlì ni."

"Níbo?"

Yàrá rẹ̀ ní Àgbówó ni. Lálẹ́ ni, iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà lábẹ́ fèrèsé. Àti pé dátà kò tó, nítorí náà ìṣẹ́jú méjì méjì ló ń gbọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó bọ́ sórí òmíràn, kó lè sọ pé òun ti gbọ́ tonílé tàlejò.

Ẹ̀gbọ́n Dùgbẹ̀ ló tú ibi tó kù. Ó yọ sípíkà fóònù kan tó ti bàjẹ́ nínú àpò rẹ̀, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Bàbá. Kò tóbi ju èékánná lọ, awọ tín-ínrín kan ló wà lójú rẹ̀. Ó ní okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì máa ń gbọ̀n bí ìgbà mọ́kànlélógójì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ohùn tó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jáde, sípíkà gbọ́dọ̀ ti afẹ́fẹ́ púpọ̀, irú nǹkan kékeré yìí kò sì lágbára rẹ̀. Orí ohùn nìkan ló máa ń jáde, ìdí rẹ̀ á ṣègbé. Ẹni tó ti mọ orin náà tẹ́lẹ̀ á fi ọkàn dí àlàfo yẹn láìmọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní ohun tó máa fi dí i.

Ó wá kan jẹnẹrétọ̀. Irú àwọn kékeré tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù wọn, ẹ̀rọ wọn ń yí ìgbà ẹgbẹ̀ẹ́dógún ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń bú ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Ìyẹn jẹ́ ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àǹtí ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí kí Ẹ̀gbọ́n tó sọ ọ́ tán. "Ẹ̀gbẹ́ mọ́kànlélógójì gan-an ló bọ́ sí," ló wí. Ìyẹn ni pé ibi tí béèsì yẹ kó jókòó sí, jẹnẹrétọ̀ ti jókòó síbẹ̀.

Bàbá yí sípíkà náà síwá sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, à bá ní kí ọmọ náà lọ ra íápíìsì tuntun. Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá Onídùùrù, tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀ lórí Jaco, lọ gbé orin méjì tó lókìkí jù nínú àkójọ náà sétí fúnra rẹ̀ pẹ̀lú íápíìsì gidi, ó ń wá ibi tó máa ti dá ọmọ náà lẹ́bi. Nígbà tó yọ ọ́ létí, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní, "Ẹ gbà mí o. Òótọ́ ni ọmọ yìí ń sọ."

Ohun tó rí nìyí, òun ni mo sì kà sí kókó gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. "Chameleon", orin tó ṣí Head Hunters, ìlà béèsì ló fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gìtá béèsì. Herbie Hancock ló ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ń pè ní ARP Odyssey. Paul Jackson tó jẹ́ onígìtá béèsì wọn wọlé lẹ́yìn, òkè ló sì ń rìn, ó ń já okùn kéékèèké bí onígìtá lásán, torí pé kò sí onígìtá kankan nínú àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Birdland" náà kò yàtọ̀: Joe Zawinul, onídùùrù Weather Report, ló ń fi kíbọ́ọ̀dù tẹ béèsì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Jaco sì wọlé lókè réré, ó ń fi orí ìka kan okùn kó lè dún tín-ín. Orin méjì tó lókìkí jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kó fún ọmọ onígìtá béèsì, kò sí gìtá béèsì ní ìsàlẹ̀ èyíkéyìí nínú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì sì ni ọmọ yẹn ń gbọ́.

Àwọn tó fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́ orin wọ̀nyí kò ronú kàn án. Wọ́n ti mọ orin náà débi pé wọn kì í gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Mo sì rí i pé bí olólùfẹ́ orin kan bá sọ fún ẹ pé "lọ gbọ́ eléyìí", ìtàn ara rẹ̀ ló sábà máa ń sọ fún ẹ. "Actual Proof" tí Bàbá ní kó fi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ìlù ibẹ̀ ń fara pamọ́ débi pé àwọn onílù tó dáńtọ́ ṣì ń ṣi ibi tí "ení" rẹ̀ wà, ìyẹn ibi tí kíka ìlù ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́ kó tó yé òun. Ìdí rere nìyẹn láti fẹ́ràn orin, kì í ṣe ìdí láti fi í ṣe àkọ́gbọ́ ẹnikẹ́ni.

Àǹtí ní ìbéèrè kan kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ọmọ náà. "Ìwọ gan-an, kí lo máa ń ta?"

Ọmọ náà ní orin ìyìn ni, púpọ̀ nínú ẹ̀ láti dò sí fà, kó padà sí dò, kó tó bọ́ sí sò. Tí ara bá ti ya àwọn èèyàn, wọ́n á sáré sí jùjú tàbí séébẹ̀n ti àwọn ará Kóńgò. Ó lè dúró lórí kọ́ọ̀dù méjì fún ìdajì wákàtí bí pásítọ̀ bá ṣì ń jó. Kò mọ orúkọ kọ́ọ̀dù púpọ̀, ṣùgbọ́n bó o bá ti pe sọ́fà fún un, kò sí ibi tí kò ní bá ẹ dé.

Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dò sí fà? 'Chameleon' náà nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Ìlà béèsì yẹn ń gun àtẹ̀gùn kékeré mẹ́ta, á jókòó sórí dò, á tún gun mẹ́ta mìíràn, á jókòó sórí fà, á padà. Kọ́ọ̀dù méjì péré ló ń gbé apá àkọ́kọ́ orin náà, lára orin tó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì. Ohun tí ọmọ yìí ń ṣe lójoojúmọ́ Ọlọ́run ni, àfi pé kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un.

Wọ́n fi Sátidé tó tẹ̀lé e ṣe é. Orin kan ṣoṣo, òfin tí Àǹtí gbé kalẹ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀ títí yóò fi tán. Bàbá gbé àwo jáde nínú àpótí, ó fẹ́ eruku lójú rẹ̀, ó fi aṣọ òwú nù ún yípo. Iná lọ kó tó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ìnfátà gbé e, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ Bàbá tó wà nílùú òyìnbó. Sípíkà Bàbá ga dé ìbàdí ọmọdé, nígbà tí ìlà béèsì yẹn sì wọlé, ife tó wà lórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí àwo rẹ̀. Ọmọ náà wo ife yẹn, ó wo sípíkà. Ó rọra fa gìtá rẹ̀ yọ nínú àpò láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò so ó mọ́ nǹkan kan, ó ń wá ibi tó wà lórí okùn. Lójijì ó ní, "B flat ni, sà." Bàbá ní kó panu mọ́, òfin ṣì wà. Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ títí dé ìparí.

Ní ìdajì orin náà, gbogbo rẹ̀ yí padà: ìlù sáré, dùùrù Fender Rhodes wọlé, béèsì wá sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti gbọ́ Paul Jackson lẹ́nu iṣẹ́ onígìtá béèsì. Ó dáwọ́ tirẹ̀ dúró. Nígbà tí orin tán, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ọkùnrin náà ṣì wà láyé. Bàbá ní rárá, ó kú ní 2021 ní ilẹ̀ Japan, níbi tó ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ náà ní, "Áà." Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó pàdánù èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Àǹtí fẹ́ kó parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwo ti ń yí, orin kejì ti wọlé. "Watermelon Man". Hancock ti kọ́kọ́ ṣe orin náà ní 1962, nígbà tí tirẹ̀ ṣì jẹ́ jáàsì lásán. Ó fi rántí ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ta wọ́tàmẹ́lọ̀n ládùúgbò wọn ní Chicago. Ti 1973 yìí kò fi dùùrù bẹ̀rẹ̀. Ìgò bíà ni Bill Summers, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, ń fọn, ohùn kan láti ẹnu rẹ̀, ohùn kan láti ẹnu ìgò, wọ́n ń gba ara wọn lẹ́nu. Ọmọ náà kò gbà á gbọ́. Wọ́n gbé ìgò mínírà kan fún un, ó fọn ún, kò dún. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó mu díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú rẹ̀ ná, ó fọn ún fúnra rẹ̀, ó sì dún. Òun nìkan ló rí i ṣe nínú gbogbo wa.

Ìjà mìíràn tún bẹ́ lórí ìgò yìí, mo sì rò pé ìjà tó tọ́ ni. Ọ̀nà ìfọn yẹn, àwọn Ba-Benzélé inú igbó Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ló ni í, hindewhu ni wọ́n ń pè é. Inú àwo tí àwọn olùwádìí gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni Summers ti kọ́ ọ. Àǹtí bèèrè pé ta ló dá àwọn onínǹkan lọ́lá níbẹ̀, ta ló fún wọn ní kọ́bọ̀? Bàbá ní báyìí ni orin ṣe ń rìn. Ṣé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo kò sí nínú àwọn ohun èlò tí wọ́n kọ sẹ́yìn àwo yìí ni, ta ló wá bi ọmọ Yorùbá kan léèrè? Àǹtí ní ìyẹn gan-an ni òun ń wí. Bàbá kò rí èsì fọ̀, ó lọ yí àwo padà. Èmi gbè sẹ́yìn Àǹtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè sọ pé orin náà kò dùn.

Ọ̀rọ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn ló gbé Bàbá dé ibi tí mo rò pé ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà ti béèrè. Ó ní ká tó máa sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà, ìlú Ìbàdàn yìí ni Orlando Julius ti ń ṣeré ní àwọn ọdún 1960 pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Modern Aces. Ó da sóòlù àwọn ará Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ hailáìfù, ó sì gbé àwo Super Afro Soul jáde ní 1966. Ọdún méje ṣáájú Head Hunters nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, tó ń ta béèsì ní Ìbàdàn, kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí ọkùnrin náà fi kú ní 2022. Bàbá fi orin kan níbẹ̀ dún. Ọmọ náà kò bèèrè ibi tí "ení" wà. Orí rẹ̀ ti ń mì kí fèrè tó wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sórí Tony Allen, tó fi ìlù gbé Fela, àti bí Fela fúnra rẹ̀ ṣe ń pe orin Koola Lobitos ní hailáìfù-jáàsì kó tó di Afrobeat. Ọ̀nà yìí ló wọ ọmọ náà létí jù. Kò yà mí lẹ́nu.

Ó ku ti Ẹ̀gbọ́n Dùgbẹ̀. Ó ti ń dúró, ó sì gbọ́n: kò sọ pé Snarky Puppy dára ju ti Bàbá lọ mọ́. Ó yíjú sí ọmọ náà, ó ní, "Michael League tó dá wọn sílẹ̀, béèsì ló ń ta." Ọmọ náà jókòó dáadáa. Ó ní ìpínlẹ̀ Texas ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, League sì ta béèsì láàárín àwọn olórin ìhìnrere ní Dallas, níbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti yí padà. Ó ní Cory Henry tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú "Lingus", inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń tẹ dùùrù láti kékeré. Ó wá gbé fídíò náà síwájú wọn, èyí tí wọ́n ṣe ní Utrecht ní orílẹ̀-èdè Netherlands, tí àwọn èèyàn jókòó yí wọn ká pẹ̀lú íápíìsì ńlá létí. Nígbà tó kan Cory Henry, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kọ́ọ̀dù gba ibi tí kọ́ọ̀dù kì í gbà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú fídíò náà ń wojú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bùrọ̀dá Onídùùrù dìde dúró. Ó ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn. Wọ́n dá a padà. Ó tún ní kí wọ́n dá a padà.

Bàbá wò ó títí tó fi tán. Ó ní, "Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n tẹ̀." Ẹ̀gbọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bàbá ní, "Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ mi. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ jù. Èèyàn márùn-ún ló ṣe Head Hunters." Wọ́n ṣì wà lórí ìyẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹnikẹ́ni ò sì retí kí ó parí.

Ní ti ọmọ náà, ó sọ fún wa pé òun ti dá àtẹ̀gùn mẹ́ta yẹn wọlé nínú orin ìyìn lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí wọ́n dúró lórí dò àti fà. Onílù wọn yí ojú sí i, ó bá a gbé e. Ọ̀gá akọrin tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀gá pè é sẹ́yìn, ó ní ohun tó ṣe yẹn dùn, àmọ́ kó má ṣe é nígbà ọrẹ, nítorí pé àwọn èèyàn ń jó kọjá àpótí láì fi nǹkan kan sí i.

Àkójọ orúkọ tó lé ní ogún yẹn ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Àǹtí ní kó má pa á rẹ́, kó kàn máa mú ọ̀kan ṣoṣo wá ní Sátidé, kó sì máa gbé gìtá rẹ̀ dání. "Actual Proof" ló mú wá kẹ́yìn. Ó jókòó pẹ̀lú Bàbá, wọ́n jọ ń ka "ení, èjì" lé ìlù Mike Clark lórí, ọmọ náà ṣi í, Bàbá tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Àǹtí tó ń fi ìka lu eékún rẹ̀ ní Bàbá náà ti bọ́ sí "èjì" láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá ní ìró àwo ló ń fò.

Heavy Weather ló kù. Bùrọ̀dá Onídùùrù ní òun kò ní jẹ́ kó fi fóònù gbọ́ Jaco lẹ́ẹ̀kejì láéláé. Ẹ̀gbọ́n Dùgbẹ̀ ti bá a rí sípíkà àlòkù kan tó ṣì lágbára, kò gbowó lé e lórí, ó ní kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé e dé yàrá rẹ̀ ní Àgbówó nínú Micra, orí ẹsẹ̀ ọmọ náà ló jókòó sí nítorí dírẹ́bà ti kó èrò kún ẹ̀yìn. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló kù tí wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe máa bá a sọ̀rọ̀.